Ohun Tí Sístà Kọ Sínú Káàdì

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ṣé dáadáa lẹ jí?"

"A dúpẹ́, ọmọ mi. Ara ti ń mókun díẹ̀díẹ̀."

Ọwọ́ méjèèjì ni Ìyá Aránṣọ fi di tábìlì Sístà, nọ́ọ̀sì tó kí wọn, mú bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Láti ẹnu ọ̀nà dé ibẹ̀ kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ, síbẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n dúró mí, tí ọmọ wọn obìnrin, tí í ṣe tíṣà, ń gbá wọn ní ìbàdí mú. Àádọ́ta ọdún ni ìyá fi tẹríba lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Eegun ẹ̀yìn wọn ti wá rún mọ́ra, ó ń fún iṣan tó lọ sí ẹsẹ̀ lọ́rùn.

Arúgbó bíi wọn kò ṣe é là lẹ́yìn gbàràgàdà. Ṣùgbọ́n dókítà eegun ẹ̀yìn ní irinṣẹ́ tuntun kan tó ń gba ojú ihò tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ wọlé. Aláìsàn á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni dókítà ń wá, ẹni méjì péré ló sì ń ṣe. Sístà ló ń kọ orúkọ wọn. Ìyá ni ìkejì lóṣù yìí. Láti àná ni wọn ò ti fi nǹkan kan kan ẹnu, nítorí iṣẹ́ abẹ òní.

Fóònù dún. Ọ̀gá ilé ìwòsàn ni.

"Ìyá ìyàwó alága ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn wa ń bọ̀. Ẹ̀yìn ń dùn wọ́n. Bá wọn wá àyè."

"Ọ̀gá, ẹni méjì ti wà ńlẹ̀ o."

"Mo ní kí o wá àyè. Àbí ìwọ kọ́ ló ń retí ìgbéga?"

Sístà gbé fóònù sílẹ̀. Òfin ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ yọ aláìsàn kúrò láìkọ ìdí rẹ̀ sínú káàdì. Ó wo ojú ìyá, ó ṣí káàdì, ó sì kọ ọ́ pé: *Aláìsàn fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ara òun ti ń mókun. Ó lè dúró.*

Háà! Ẹ gbọ́ ná, láti ìgbà wo ni "a dúpẹ́" ti di èsì àyẹ̀wò? Ẹni tí ẹsẹ̀ ríro kò jẹ́ kó fojú ba oorun, bí o bá kí i káàárọ̀, á ní àlàáfíà ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ Sístà náà nílé. Ó mọ̀ dáadáa, ó sì kọ ọ́.

"Ó di oṣù tó ń bọ̀, mà. Ẹ má bínú, ẹ̀rọ ló kọṣẹ́."

"Ìyá mi ò jẹun láti àná, Sístà!" ni tíṣà figbe ta.

Ìyá fà á láṣọ. "Fi wọ́n sílẹ̀. Kí lo mọ̀ nípa ẹ̀rọ? Tèmi náà, ọjọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀ gan-an ló máa ń ṣe wèrè."

Sístà rẹ́rìn-ín. Ó ṣí oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì dé e padà láìjẹ ẹ́.

Lóṣù kejì, àbúrò alága ló gba àyè ìyá. Ìyá tún ní a dúpẹ́, Sístà tún kọ ọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ó jẹun tán.

Orí kẹ̀kẹ́ aláìsàn ni wọ́n fi gbé ìyá wá lóṣù kẹta. Dókítà fi òòlù kékeré kan orúnkún wọn, ó ní kí wọ́n gbé ọmọ-ìka ẹsẹ̀. Nǹkan kan ò mira. Ìtọ̀ ti ń kán sílẹ̀ lára aṣọ wọn, wọn ò sì mọ̀. Tíṣà tú ìborùn rẹ̀, ó fi bò wọ́n lẹ́sẹ̀.

"Ó ti pẹ́ jù," ni dókítà wí. "Iṣan ti kú. Bí mo tilẹ̀ ṣe é lónìí, wọn ò ní rìn mọ́." Inú bí i, ó kọjú sí tíṣà. "Ẹ̀yin ọmọ yìí náà! Ẹsẹ̀ ìyá yín ń kú lọ, ẹ jókòó tì wọ́n nílé!"

"Ta ló jókòó? Ẹ̀ẹ̀mejì la ti fi ebi sùn wá síbí!"

Dókítà ṣí káàdì, ó kà á, ó tún un kà. "Wọ́n kọ ọ́ síbí lẹ́ẹ̀mejì pé ara ìyá ń mókun. Mà, ṣé ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀?"

Ìyá wo dókítà, wọ́n wo Sístà tó fẹ̀yìn ti ògiri. "Wọ́n kí mi ni. Wọ́n bi mí bóyá mo jí dáadáa. Ṣé kí n wá máa ka àìsàn sí ọmọ ọlọ́mọ létí ní kùtùkùtù ni?"

Tíṣà yí kẹ̀kẹ́ padà, ẹsẹ̀ ìyá sì yọ̀ bọ́ sílẹ̀, ó ń wọ́ nílẹ̀.

"Sístà, ẹ bá mi gbé ẹsẹ̀ wọn," ni tíṣà wí. "Wọn ò lè gbé e fúnra wọn mọ́."

Sístà kúnlẹ̀. Omijé ti bò ó lójú. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sórí irin kẹ̀kẹ́, ó gbé tòsì lé e. Ìyá ń wo ojú ọ̀nà, wọn ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn wọ́n.