Ìyá Kabugho Lọ Fọwọ́ Kan Yìnyín

Nígbà tí Kabugho sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ìyá òun fẹ́ gun òkè, Kule rò pé òkè kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ìjọsìn ni, níbi tí àwọn obìnrin ti máa ń ṣẹ́gi ìdáná. Ó ní kó máa lọ, kó ṣáà ṣọ́ra fún ejò.

"Kì í ṣe òkè yẹn," ni Kabugho wí. "Òkè tìrẹ ni, ibi tí yìnyín wà. Ó ní ìwọ ni kí o mú òun lọ."

Kule gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. Iṣẹ́ amọ̀nà ni iṣẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà tí irùngbọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ sí í hù ú ló ti ń mú àlejò gun òkè Rwenzori. Ó ti mú adájọ́ lọ, ó ti mú dókítà lọ, ó ti mú tọkọtaya kan lọ tí wọ́n jà láti ìsàlẹ̀ dókè tí wọ́n tún jà sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá ìyàwó kì í ṣe àlejò. Nínú ìdílé tí Kule ti fẹ́yàwó, wọn ò fi àṣà àwọn àgbà ẹ̀yà Bakonzo ṣeré: àna obìnrin kì í wo ojú ọkọ ọmọ rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ pàdé lọ́nà, ọ̀kan á yà sínú oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ títí èkejì yóò fi kọjá. Wọn kì í jẹun pọ̀, wọn kì í fara kanra, bí ọ̀rọ̀ bá sì wà láàrin wọn, ẹlòmíràn ló ń bá wọn gbé e. Láti ọjọ́ tí Kule ti da ewúrẹ́ ìdána lọ sílé wọn, ẹ̀yìn ìyá yìí nìkan ló mọ̀ dáadáa.

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mú ẹni tí mi ò lè wò gun òkè?"

"Iwájú kọ́ ni amọ̀nà máa ń wà ni?" ni Kabugho dá a lóhùn. Ó ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́, kò gbójú sókè. "Òun á wà lẹ́yìn. Ta ló ní kí o wẹ̀yìn?"

Kule wá àwáwí títí, kò rí. Àkókò òjò ni, àlejò ò sí. Ọ̀gá àwọn amọ̀nà náà kò ràn án lọ́wọ́, ńṣe ló rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n máa lọ. Ohun tí Kule rí ṣe kò ju pé ó lọ bá Bwambale. Bwambale jù ú lọ dáadáa, aláàárù òkè ni, ó sì ń ka Bíbélì fún ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi. Bí ẹ bá gbé ẹrù àti ọ̀rọ̀ ka iwájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ló máa kọ́kọ́ gbé. Òun ni yóò máa bá wọn gbé ọ̀rọ̀ láti ẹnu àna dé etí àna.

Ní òwúrọ̀ tí wọ́n gbéra, ìyá náà ti dúró létí ọ̀nà kí wọ́n tó dé, ó kọ̀yìn sí wọn. Mbambu lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Kabugho ni gbogbo ayé ń pè é. Ó wọ bàtà rọ́bà, ó ró ìró méjì léra, ó wọ súwẹ́tà ńlá kan lé e. Kule kọjá síwájú, ojú rẹ̀ ń wolẹ̀. Ìyá náà yí padà, ó tẹ̀ lé e, Bwambale sì wà láàrin wọn.

Níbi tí oko ti parí tí igbó ti bẹ̀rẹ̀, ìyá náà dúró, ó já ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísè díẹ̀ sábẹ́ igi kan fún Kithasamba, òrìṣà tó ni òkè náà. Lákòókò yẹn gan-an ni Bwambale rí ẹyẹ kan lókè réré tó yẹ kó fara balẹ̀ wò.

Nígbà tí ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í ga, ìyá náà ní, "Bwambale, sọ fún àna mi pé ìrìn rẹ̀ ti yá jù."

"Kule, Màmá ní ò ń rìn bíi ajigbèsè tí olówó ń lé."

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo fi iyọ̀ díẹ̀ sí i ni, Màmá. Ọ̀rọ̀ tí kò níyọ̀, kì í lè gun òkè."

"Ẹ bá mi bẹ Màmá," ni Kule wí láìwẹ̀yìn. "Ẹ ní màá rọra."

"Màmá, ó ní kẹ́ ẹ má bínú. Ó ní bí òun ṣe ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ yín, ọmọge lòun rò pó ń bọ̀ lẹ́yìn òun."

Ìyá náà dún lọ́nà ọ̀fun. Kule ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni àbí ikọ́.

Báyìí ni wọ́n ṣe la igbó já, tí wọ́n la oparun já, tí wọ́n dé ibi tí àwọn igi ti ń hu irùngbọ̀n tí omi ń kán nídìí rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ìyá náà kò ráhùn. Bí wọ́n bá dé ilé onípákó tí wọ́n máa sùn, á jókòó sí igun kan, á kọjú sí ògiri, á jẹ òkèlè bundu àti ẹ̀wà tirẹ̀. Kule á jẹ tirẹ̀ níta nínú òjò. Bwambale á jẹ díẹ̀ níbí, á jẹ díẹ̀ lọ́hùn-ún.

Àfọ̀ ló da gbogbo rẹ̀ rú. Ẹrẹ̀ ibẹ̀ dúdú, ó jìn, òkìtì koríko ni ènìyàn ń fò lé lọ́kọ̀ọ̀kan. Bwambale ń gbé ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ nígbà náà. Ìyá ní kó bi Kule bóyá ẹkùn ń bẹ níhìn-ín, Bwambale sì ti ń fi ẹkùn kejì kún ti àkọ́kọ́. Ó tẹ ibi tí kò yẹ. Ẹrẹ̀ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ mì dé itan, ara rẹ̀ yí síbìkan, orúnkún rẹ̀ kò bá a yí. Kule àti ìyá náà jọ fà á yọ, ọ̀kan ní apá ọ̀tún, ọ̀kan ní apá òsì, àwọn méjèèjì sì ń wo ẹrẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fi máa tì í dé ilé onípákó tó wà lẹ́bàá adágún, orúnkún ọ̀hún ti wú tó ìbẹ́pẹ. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ilé náà fi aṣọ tútù dì í. Kule wò ó, ó mi orí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi sọ fún Màmá pé ó tán síbí. Bí ẹsẹ̀ yín bá ti gbà, à ń sọ̀ kalẹ̀."

Bwambale fún ojú pọ̀ nítorí ìrora. "Màmá ló jókòó níbẹ̀ yẹn, sọ fún wọn fúnra rẹ. Orúnkún mi ló ń ronú báyìí, kì í ṣe ẹnu mi."

Kẹ́tùrù ń hó lórí iná. Ìyá Kabugho, tó kọjú sí ògiri, sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Kẹ́tùrù, sọ fún àna mi pé mi ò torí orúnkún Bwambale kúrò nílé mi."

Kule wo Bwambale, Bwambale wo òrùlé.

"Kẹ́tùrù," ni Kule wí nígbẹ̀yìn, "jọ̀ọ́, bá mi sọ fún Màmá pé òkúta ni gbogbo ọ̀nà tó kù. Ó ń yọ̀. Okùn la máa fi so ara wa."

"Sọ fún un pé mo ti so ewúrẹ́ mọ́ ara mi rí. Ó fà mí, mo fà á, a délé."

"Ó tán nìyẹn," ni Bwambale wí. "Kẹ́tùrù ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi."

Bó ṣe di pé àwọn méjèèjì nìkan lọ nìyẹn, bí ilẹ̀ ṣe mọ́. Kẹ́tùrù ò bá wọn lọ, nítorí náà ìyá náà ń bá ohun tó bá rí sọ̀rọ̀. Ó bi òkúta kan bóyá ọ̀nà ṣì jìn. Ó sọ fún ewéko kan tó ga ju ènìyàn lọ, tó dúró gbọnrangandan nínú kùrukùru, pé òtútù ti wọ egungun òun. Kule bọ́ ẹ̀wù òjò rẹ̀, ó gbé e lé ewéko náà lọ́rùn, ó sì ń lọ. Nígbà tí ẹ̀wù náà dún lẹ́yìn rẹ̀, ó mọ̀ pé ìyá náà ti wọ̀ ọ́.

Ibi tí òkúta ti tẹ́ rẹrẹ, tó sì dà gẹ̀rẹ́ lọ sókè, ni Kule ti so okùn náà. Ó so tirẹ̀, ó fi etí kejì sílẹ̀ fún ìyá náà lórí òkúta, ó ṣàlàyé fún afẹ́fẹ́ bí a ṣe ń so ó, ó dúró títí okùn fi fà á lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Wọn ò tíì rìn jìnnà nígbà tí ó gbọ́ tí bàtà rọ́bà dún ṣìọ̀ lórí omi, okùn sì gbà á níbàdí gidigidi. Iṣẹ́ ọwọ́ kò dúró bi ọpọlọ léèrè. Ó yí padà, ó dọ̀bálẹ̀ lórí òkúta, ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ apá ìyá náà, ó fà á gòkè bí wọ́n ṣe ń fa àpò ẹ̀wà sórí ọkọ̀. Wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Ìgbà yẹn ni Kule rí i pé ojú ìyá náà lòun ń wò. Ojú Kabugho ni, àfi pé oòrùn ti lò ó pẹ́, àpá kékeré kan sì wà lábẹ́ ẹyinjú òsì.

"O ti wò mí," ni ìyá náà wí.

"Mo ti wò yín, Màmá."

"Ó dáa. Jẹ́ kí n mí ná."

Ó mí. Ó nu ẹrẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ sára ìró. Kule rò pé ó máa kọ̀yìn padà, ṣùgbọ́n kò kọ̀yìn.

"Ṣé o mọ̀ pé Masereka ru ẹrù níbí rí?" ni ó wí. Ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló ń sọ.

"Mo mọ̀. Ẹ̀gbọ́n Bwambale sọ pé ẹsẹ̀ wọn yá."

"Lọ́dọ̀ ta ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yá? Lọ́dọ̀ mi, ńṣe ló máa ń wọlé, á jẹun, á jókòó bí òkúta yìí. Mo bi í pé kí ló wà lókè, ó ní kò sí nǹkan. Gbogbo ọdún tí a jọ lò, kò sí nǹkan. Mo rò pé obìnrin ló ní síbí. Mo tilẹ̀ ti sọ ọ́ lórúkọ."

Kule ò mọ bí a ti ń rẹ́rìn-ín níwájú àna, nítorí náà kò rẹ́rìn-ín. "Kò sí obìnrin kankan níbí, Màmá."

"Mo ti rí i. Ì bá sàn kó jẹ́ obìnrin ni." Ó fún omi kúrò létí ìró rẹ̀. "Ọmọ mi náà sọ pé bí o bá dé láti òkè, ìwọ náà á jókòó bí òkúta. Ìdí tí mo fi wá nìyẹn. Mo fẹ́ rí ohun tó ń gba ẹnu lọ́wọ́ yín."

"Kò sí ohun tí a fẹ́ sọ ni. Ẹrẹ̀ ni. Òjò ni. Ẹrù ni."

"Ṣé ẹrẹ̀ ò ṣeé sọ ni? Ẹrẹ̀ yẹn náà ni kí o sọ fún ìyàwó rẹ."

Wọ́n dìde.

Wọ́n dé ibi yìnyín nígbà tí kùrukùru ká díẹ̀. Ìgbà gbogbo ni àwọn àlejò máa ń ké bí wọ́n bá rí i. Ìyá Kabugho kò ké. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ló ti ń rí funfun yìí láti oko ẹ̀wà, tó mọ́ bí eyín ọmọdé. Ohun tó wà níwájú rẹ̀ yìí rí bí eérú, ó dọ̀tí létí, omi sì ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀.

"Ṣé òun nìyí?"

"Òun ni, Màmá. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó dé ibi òkúta pupa tí a kọjá yẹn."

Ojú ti Kule, bí ẹni tí àlejò ńlá bá nínú ilé tí kò tíì gbá. Ìyá náà bẹ̀rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé e, ó fi í síbẹ̀ títí ọwọ́ fi pọ́n. Ó fi èékánná ha díẹ̀, ó fi sẹ́nu, ó ń tọ́ ọ wò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Kò ládùn," ni ó wí. Ó tún ha òmíràn, ó sì lá a. Lẹ́yìn náà ó ń sọ̀rọ̀ kan jẹ́jẹ́ tí kì í ṣe Kule ló ń bá sọ, Kule bá rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó lọ ń ká okùn tí kò yẹ ní kíká.

Nígbà tí wọ́n padà dé ilé onípákó, Bwambale gbọ́ tí wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, láìsí alárinà. Ó fi igi ti ara rẹ̀ dìde.

"Ta ló tún gbaṣẹ́ lọ́wọ́ kẹ́tùrù?"

"Gbájú mọ́ orúnkún rẹ," ni ìyá náà wí.

Wọ́n rọra sọ̀ kalẹ̀ nítorí ẹsẹ̀ Bwambale. Ìyá náà ń béèrè orúkọ odò, Kule ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe yọ sí oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ àkọ́kọ́, tí èéfín ilé bẹ̀rẹ̀ sí í hàn, ìyá náà yà kúrò lójú ọ̀nà, ó kọ̀yìn, ó fa aṣọ bo orí. Kule dúró díẹ̀. Ó dùn ún, kò sì mọ ìdí tó fi dùn ún. Ó gbójú kúrò, ó kọjá.

Nílé, Kabugho gbé oúnjẹ ka iwájú rẹ̀, ó bi í bí ìyá òun ṣe ṣe. Kule ṣí ẹnu láti sọ pé kò sí nǹkan. Ó pa á dé, ó tún un ṣí.

"Ẹrẹ̀ kan wà níbẹ̀," ni ó wí.

Kò mọ ìtàn sọ. Ó bẹ̀rẹ̀ láti àárín, ó padà sẹ́yìn, ó gbàgbé kẹ́tùrù, ó tún lọ mú un wá. Kabugho fi ọ̀bẹ tó fi ń bó ẹ̀gẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí Kule dé ibi òkúta tó ń yọ̀, ó ṣe bíi pé kó fò ó, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́.

"O di ìyá mi mú," ni Kabugho wí.

"Lábẹ́ apá."

Kabugho rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bwambale ló sọ fún gbogbo ènìyàn, ó sì fi iyọ̀ sí i.

Àwọn àgbà ìdílé pe ìpàdé. Ìyá Kabugho wá, ó kọ̀yìn sí Kule bó ṣe yẹ. Wọ́n ní kí ó sọ tẹnu rẹ̀.

"Bí kò bá dì mí mú," ni ó wí, "ẹ̀yin ni ẹ máa lọ ṣà mí nísàlẹ̀. Ta nínú yín ni orúnkún rẹ̀ lè gbé e débẹ̀?"

Àwọn àgbà wo orúnkún ara wọn. Èyí tó dàgbà jù ní dídìmú kò lẹ́ṣẹ̀, ṣùgbọ́n wíwò lẹ́ṣẹ̀, nítorí pé ènìyàn lè di ẹlòmíràn mú kó dijú. Kule fa ewúrẹ́ kan wá fún ìtanràn. Wọ́n pa á ní àgbàlá ìyá náà, òun fúnra rẹ̀ ló sè é, ó sì fi Kabugho rán itan kan sí Kule tó jókòó lẹ́yìn ọgbà.

Nígbà tí òjò dá, àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í wá, Kule sì ń gun òkè bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Bó bá dé, Kabugho á bi í, òun náà á sì sọ. Nígbà mìíràn ọ̀rọ̀ náà kì í pọ̀ ju òjò lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan Kabugho bi í pé báwo ni èyí tó kù nínú yìnyín náà ṣe tó. Kule dìde, ó fi ọwọ́ wọn ọ́n lára ògiri láti ẹnu ọ̀nà dé ibi tí fèrèsé wà, ó ronú díẹ̀, ó sì sún ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn sí ìhà ẹnu ọ̀nà.