Kí Ó Gba Ọkàn Rẹ

"Ó ní kí ẹ má gbàdúrà yẹn fún un," ni bíríkìlà wí, sìmẹ́ǹtì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ó ní abẹ́rẹ́ ni òun gbé ọmọ òun wá gbà, òun ò bá ti àdúrà wá."

Sístà kò tíì gbé ọwọ́ kúrò lórí ọmọ náà. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́ta ni, ibà ti fi gìrì mú un lẹ́ẹ̀mejì láti àárọ̀, ara rẹ̀ gbóná bí ààrò. Ìyá rẹ̀ ni aránṣọ tí ilé rẹ̀ kọjú sí ilé ìwòsàn, òun ló sì rán gbogbo kọ́tìnì tó wà nínú yàrá náà. Ó di ọmọ mú lápá kan, Sístà dì í mú lápá kejì, kò sì sí ẹni tó fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ni Sístà. Ìjọ rẹ̀ ló rán an wá láti ilé ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, pé kí ó máa tọ́jú aláìsàn, kí ó sì máa wàásù ìhìnrere fún àwọn ènìyàn tí kò gbọ́ èdè rẹ̀. Èdè tiwọn náà kò fi bẹ́ẹ̀ yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, àfi gbólóhùn kan ṣoṣo tó mọ̀ bí ẹní mowó. Kò sí aláìsàn tí kì í kọ́kọ́ sọ ọ́ sí létí kí ó tó gún un lábẹ́rẹ́. Ó bi bíríkìlà pé kí ló wá burú nínú àdúrà. Ògiri ilé ìwòsàn tó sán ni bíríkìlà wá tún rẹ́, ṣùgbọ́n òun náà ni ògbufọ̀. Ilẹ̀ ló ń wò.

"Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀, Sístà."

"Mi ò mọ̀. Sọ gbólóhùn yẹn fún mi ní èdè tèmi."

"Pé kí Jésù gba ọkàn rẹ. Kí ó gba ẹ̀mí ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, kí ó mú un lọ."

 Sístà rántí ọjọ́ tí òun àti bíríkìlà jókòó sí abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé ní ìlú Sístà ni bíríkìlà ti kọ́ èdè, èdè gba búlọ́ọ̀kù, po yanrìn, da omi sí i. Nígbà tí Sístà sọ pé kí Jésù gba ọkàn rẹ là, bíríkìlà dúró lórí "là", ó ní kí ni ìyẹn ń ṣe níbẹ̀ nígbà tí ènìyàn ti sọ pé "gbà". Sístà ń kánjú, ó fẹ́ kó parí kí ọjọ́ ìsinmi tó dé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìrù ọ̀rọ̀ lásán ni, kó fi í sílẹ̀, yóò yé wọn bẹ́ẹ̀. Òun tó jẹ́ olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi nílé! Ìrù tí wọ́n gé yẹn gan-an ni ẹ̀mí ọ̀rọ̀ wà.

"Ọdún mẹ́fà, o ò sì sọ fún mi?"

"Mo rò pé bí ẹ̀sìn yín ṣe rí nìyẹn ni. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé ayé kì í ṣe ilé yín. Wọ́n bi mí pé ṣé ìkà ni yín, mo ní rárá o, ènìyàn dáadáa ni yín, ẹ kàn fẹ́ràn ọ̀run ni."

Nígbà náà ló yé Sístà ìdí tí wọn kì í fi gbé aláìsàn wá àfi tí ọ̀rọ̀ bá ti bọ́ sórí. Ó rántí ọkùnrin kan tó fò bọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, tó sá lọ tòun ti rọ́bà tí wọ́n fi so ó lápá. Ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sílé nígbà yẹn pé ẹ̀mí èṣù ló sá. Ìtìjú mú un débi pé omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Kí ó tó nù ún, aránṣọ ti pọn ọmọ rẹ̀, ó ti sọdá títì.

Wọ́n sáré tẹ̀lé e. Bíríkìlà ṣàlàyé lẹ́nu ọ̀nà títí ohùn rẹ̀ fi há. Ọkọ aránṣọ fetí sí i dáadáa, kò jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ọdún mẹ́fà tọrọ nǹkan, kò yẹ kó sọ pé òun ò fẹ́ ẹ mọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e síwájú rẹ̀. Ó rọra ti ilẹ̀kùn. Sístà gbé oògùn sílẹ̀ lójú àtẹ̀gùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, oògùn ṣì wà níbẹ̀, eruku ti bò ó.

Ó pe pásítọ̀ rẹ̀ nílé lórí fóònù. Pásítọ̀ ní iṣẹ́ Sátánì ni, kó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Sístà ní ẹ ṣé sà. Kò ní agbára láti sọ fún un pé Sátánì ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, igbe ta láti òdìkejì títì. Sístà ń fọ àwo abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Bí ó ti wọlé, àwọn obìnrin yẹra fún un bí ìgbà tí ènìyàn ń yẹra fún ẹni tó gbé òróró gbígbóná. Aránṣọ jókòó sórí ẹní, tépù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Sístà kúnlẹ̀. Bíríkìlà sọ fún un jẹ́ẹ́jẹ́ pé kó jẹ́ kí òun ru ẹ̀bi náà, nítorí òun ni ògbufọ̀.

"Rárá. Sọ fún un pé èmi ni mo ṣì í. Sọ pé kí ọmọ yè ni mò ń tọrọ."

Ó túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà, ó pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Aránṣọ gbójú sókè wo Sístà. Kò sí ìbínú lójú rẹ̀ rárá, ìyẹn ló sì bani lẹ́rù. Ó sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀, bíríkìlà kọjú sí ilẹ̀kùn.

"Kí ló sọ?"

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ, Sístà."

"Mo ní kí ló sọ?"

"Ó ní òun gbà pé ẹ ò mọ̀. Ó ní Jésù yín ńkọ́? Èdè wo ló fi gbọ́ ọ?"

 Sístà jókòó síbẹ̀ títí tí wọ́n fi gbé ọmọ náà jáde, kò sí ẹni tó lé e, kò sì sí ẹni tó bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tó délé, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó la ẹnu, ẹ̀rù ohun tí yóò tẹnu òun jáde bà á, ó sì dìde.

Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin kan tí ìṣó gún lẹ́sẹ̀ wọlé wá, ẹsẹ̀ náà ti wú. Sístà fa oògùn sínú abẹ́rẹ́. Ọkùnrin náà kò wo abẹ́rẹ́ rárá, ẹnu Sístà ló tẹjú mọ́, ó sì fi apá rẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn. Sístà na ọwọ́ sí páálí orí tábìlì, ó mú ìbòmú kan, ó fi bo ẹnu, ó so ó le. Ìgbà náà ni ọkùnrin náà tó na apá.