Ọlọ́wọ́ Ọṣẹ Nílé, Gbámú ní Pápá

Agboòrùn mi ni wọ́n kọ́kọ́ gbà lẹ́nu géètì pápá ìṣeré. Wọ́n ní ṣóńṣó orí rẹ̀ lè gún èèyàn. Nígbà tí mo tún lọ, wọ́n gba fúláàsì tíì mi, wọ́n ní irin ni. Ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n gba àwo pẹrẹsẹ tí mo máa ń fi ṣíbí lù sí orin mi, wọ́n ní mo lè sọ ọ́ lu rẹfirí. Mo ní ṣé èmi tí n kò lè ju páálí dé inú garawa ni yóò ju àwo láti orí àtẹ̀gùn yìí dé àárín pápá? Ọkùnrin ẹnu géètì kò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá, òfin ni." Tí wọ́n bá ti fi "òfin ni" dá ọ lóhùn níbẹ̀ yẹn, kí o yáa palẹ̀ ẹnu rẹ mọ́.

Ó wá ku ẹnu nìkan tí mo lè gbé wọlé. Èmi ò mọ̀ pé òfin wà fún ìyẹn náà.

Ọmọ mi obìnrin wà lára àwọn tó ń mójú tó èrò ìwòran nínú pápá náà. Wọ́n wọ ẹ̀wù kan lé aṣọ, ó ń tàn yòò, èèyàn á rí wọn láti ìgboro kejì. Ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ni wọ́n ń dúró sí, àwa lòótọ́ ni wọ́n ń wò, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí bọ́ọ̀lù. Bí bọ́ọ̀lù wọlé, wọn ò gbọ́dọ̀ yíjú. Bí gbogbo pápá fẹ́ ya, wọn ò gbọ́dọ̀ yíjú. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà nìyẹn. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọmọ tí ọmọ mi bí ni kípà tó ń ṣọ́ ilé fún ẹgbẹ́ wa. Ọmọ tó bí ń fò lẹ́yìn rẹ̀ bí ológbò, eyín àwa ló ń wò. Ó ti mọ ojú wa kà débi pé, tí ẹnu wa bá là, ó mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ti ń bọ̀ lọ́nà ilé. Tí a bá ká ọwọ́ lérí, ó mọ̀ pé ó ti wọlé, á sì di ojú rẹ̀ díẹ̀, á tún là á.

Wọn ò gbà kí ẹbí ẹni jókòó síbi tí èèyàn ń ṣọ́. Ṣùgbọ́n ó ní tí òun bá jẹ́ kí n lọ jókòó lápá ibòmíràn, ọ̀sẹ̀ kan péré ni wọn yóò fi lé mi dànù. Nítorí náà, a ti ṣe àdéhùn. Tí a bá ti wọ pápá, a ò mọ ara wa. Nílé, "Màámi" ló ń pè mí. Ní pápá, "ẹ̀yin ìyá" ni, bí ẹni pé òjò ló kó wa pọ̀ sábẹ́ ilé kan náà.

Orúkọ tí àwọn èrò ń pe ọmọ náà ni Gbámú, nítorí bí ó ṣe ń di bọ́ọ̀lù mú. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó ṣáájú èyí tí mo ń sọ, gbámú kankan kò sí níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù ń yọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ wọnú àwọ̀n títí ojú fi ń tì wá láti wo ara wa. Kóòṣì pè é, ó ní bí bọ́ọ̀lù kan bá tún wọlé lọ́sẹ̀ yìí, kó lọ fìdí kalẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì. Kípà kejì ti wà ńlẹ̀ tó ń nara, gígùn rẹ̀ pọ̀, Òpó-Iná ni wọ́n ń pè é. Ọmọ mi kò sun oorun gidi láti ọjọ́ náà. Ọmọ ọmọ mi kò jẹun gidi. Èmi nìkan ni mo mọ ohun tó ń ṣe é. Kò gbọ́ orin rẹ̀.

Ní ilé tiwa, a kì í yin ọmọ kó tó ṣe nǹkan. Ìyìn ń mú ọwọ́ rọ. Ẹni tó bá fẹ́ lọ ṣèdánwò, a ó fi yẹ̀yẹ́ sìn ín dé ẹnu ọ̀nà ni, inú á bí i, á sì lọ yege láti fi dójú tì wá. Láti kékeré ni nǹkan ti ń bọ́ lọ́wọ́ ọmọ yìí nínú ilé ìdáná, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ tirẹ̀ fún un:

Ọlọ́wọ́ ọṣẹ, kí ló tún bọ́?
Àwo bọ́, ife bọ́, ìgò náà bọ́.
Ọlọ́wọ́ ọṣẹ, dì í mú o,
Bàbá ẹ ò ní ra òmíràn.

Tó bá ti gbọ́ ọ, àyà rẹ̀ á le, á rẹ́rìn-ín ìbínú, ohunkóhun tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ á sì dúró síbẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo ní àwo mi, ó ń gbọ́ orin náà láti ibi tó dúró sí. Láti ìgbà tí wọ́n ti gba àwo, ohùn mi kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ṣé ẹ rí i? Òfin àwo ló fa gbogbo wàhálà.

Ọmọ mi bẹ̀ mí títí lọ́jọ́ ìdíje tí mò ń sọ yìí. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mejì rí, nítorí pé mo jó lórí àtẹ̀gùn tí èèyàn ń gbà kọjá, àti nítorí pé mo dìde dúró tí ẹni ẹ̀yìn mi kò ríran. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ìta ni. Ó ní, "Màámi, ẹ kàn jókòó. Ẹ pàtẹ́wọ́. Ìgbà tí gbogbo èèyàn bá ń pàtẹ́wọ́ ni kí ẹ pàtẹ́wọ́."

Mo ní mo ti gbọ́.

Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ka òfin fún wa kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, bí ó ti máa ń ṣe. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ju nǹkan, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gun àga, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ bú agbábọ́ọ̀lù tàbí kó fi orin bú u. Ta ló ń gbọ́? Wọ́n ń jẹ ẹ̀pà, wọ́n ń wá nọ́ńbà àga wọn.

Wọ́n gbá a dé ìdajì, kò sí ẹni tó jẹ. Lẹ́yìn tí wọ́n sinmi, Gbámú wá bọ́ sí ilé tó wà lápá ọ̀dọ̀ wa. Mo rí ojú rẹ̀ báyìí. Bọ́ọ̀lù rọra yí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọmọ ọwọ́ lè gbé e, ó fi àyà àti orúnkún àti àgbọ̀n mú un. Mo ní áà, ọmọ yìí ti lọ. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́, jẹ́jẹ́ ni o, ní ìjókòó.

Ẹnì kan fọwọ́ kàn mí léjìká láti ẹ̀yìn. Télọ̀ kan ni, kì í pa ìdíje jẹ, tépù ìwọnṣọ kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ̀ ń pè ní ọlọ́wọ́ ọṣẹ?"

"Kípà ni."

"Kípà wo?"

"Èyí tó wà níwájú ẹ yẹn. Ṣé méjì ló wà nínú ilé kan ni?"

"Gbámú wa? Ẹgbẹ́ wo lẹ tiẹ̀ ń ṣe?"

"Ẹgbẹ́ tí o ń ṣe náà ni."

"Àwa kì í bú ọmọ wa." Ó yí ẹ̀yìn sí mi. "Ẹ wò ó. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi rán orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn ẹ̀wù mi."

"Mo rí i. Ó wọ́."

Ibẹ̀ ló ti bínú. Ó na ọwọ́ sókè, ó ń juwọ́ sí ẹni tó ń ṣọ́ wa, ọmọ mi sì gun àtẹ̀gùn bọ̀. Mo ti mọ ìrìn yẹn láti ìgbà tó wà ní ọmọdé. Bó ṣe ń rìn nìyẹn tí wọ́n bá ní kó wá fọ abọ́.

"Ẹ̀yin ìyá, wọ́n ní ẹ̀ ń bú agbábọ́ọ̀lù."

"Orin ni mò ń kọ."

"Orin èébú ni," Télọ̀ ní. "Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ka òfin yìí tán ni. Àbí òfin kò mú arúgbó?"

Ọmọ mi tẹ̀ sí mi létí. "Màámi, kí ni mo bẹ̀ yín nílé? Kí ni mo tún bẹ̀ yín nínú ọkọ̀? Ṣé ẹ fẹ́ kí n kúnlẹ̀ níbí ni?" Ó nàró, ó gbóhùn sókè. "Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́ mọ́."

Ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá wọn ti rí wa, ọkùnrin kan tí rédíò kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, Ọ̀gá Rédíò la ń pè é. Ó dé, ó bi mí léèrè pé orin wo gan-an ni. Èmi náà rò pé ó fẹ́ gbọ́ kó lè dá ẹjọ́ rere ni. Mo kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú ègbè. Ta ló mọ̀ pé yóò dùn mọ́ àwọn tó jókòó nítòsí? Ìlà tó wà lẹ́yìn gbè é. Ìlà tó tẹ̀ lé e gbè é. Kí n tó pa ẹnu dé, apá wa látòkè délẹ̀ ló ń bú kípà ara wọn, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí i. Télọ̀ nìkan ni kò gbè é, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dákẹ́.

Ọ̀gá Rédíò mú rédíò kúrò lẹ́nu. Ó ní, "Ẹ dìde, ìyá."

Mo fẹ́ sọ fún un pé orí ọmọ tí mò ń bú yẹn, èmi ni mo fá a nígbà tó wà lọ́mọ oṣù mélòó kan. Mo ti la ẹnu. Mo rí ojú ọmọ mi, mo pa á dé. Tí mo bá ní ọmọ ọmọ mi ni, wọn á mọ̀ pé ọmọ mi ló ń ṣọ́ wa, iṣẹ́ rẹ̀ á lọ.

Òun ni wọ́n ní kó mú mi jáde. Ó di apá mi mú, Ọ̀gá Rédíò ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọ̀nà àbájáde apá tiwa gba ẹ̀yìn àwọ̀n kọjá, a sì dé ibẹ̀ gẹ́lẹ́ nígbà tí fèrè rẹfirí dún. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa ti fi ọwọ́ kan bọ́ọ̀lù nínú àpótí kípà. Pẹ́náritì.

Òfin mìíràn tún wà fún ìyẹn. Tí wọ́n bá fẹ́ gbá pẹ́náritì, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ rìn lẹ́yìn àwọ̀n, kí ó má baà dí ẹni tó ń gbá a lójú. A dúró síbẹ̀ bí òpó. Ọmọ mi dojú kọ èmi àti èrò, ó kọ ẹ̀yìn sí ọmọ rẹ̀, kò ju kí èèyàn na ọwọ́ sí ara wọn lọ bí kì í bá ṣe àwọ̀n. Mò ń wo ọmọ náà lórí èjìká rẹ̀. Ó ń nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó ń nu ún mọ́ ọn.

"Báwo ló ṣe rí?" ọmọ mi bi mí, ètè rẹ̀ kò ṣí dáadáa.

"Kò dára."

"Ó ń gbọ̀n?"

"Ó ń gbọ̀n."

Mo ní kí n ṣáà kọ ọ́. Ó fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu. Ó tẹ̀ mí lẹ́nu débi pé mo gbóòórùn ọṣẹ tó fi wẹ̀. Gbogbo pápá ti pa rọ́rọ́. Ìgbà náà ni mo gbọ́ orin, mo sì rò pé inú orí mi ló ti ń dún. Òun ni. Ọmọ mi tí kò sọdá títì rí kí iná tó ní kó sọdá. Kò yíjú, ó ń wò mí lójú báyìí, ó sì gbé e:

Ọlọ́wọ́ ọṣẹ, dì í mú o,
Bàbá ẹ ò ní ra òmíràn.

Ohùn rẹ̀ tiẹ̀ ya. Mo rí i tí etí ọmọ náà gbé e. Èjìká rẹ̀ mì. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù, ó fò, mi ò mọ ohun tó kan ohun tí kò kàn, bọ́ọ̀lù ga sókè kọjá igi ilé. Ọmọ mi kò rí nǹkan kan. Ẹnu mi ló ń wò.

"Wí," ó ní.

Mo kàn ń jó.

Ọ̀gá Rédíò ti sún mọ́ wa. Ó wo ojú rẹ̀, ó wo tèmi, kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un mọ́, torí imú wa kò yàtọ̀. "Ìyá rẹ nìyí?"

"Ìyá mi ni."

"O fi wọ́n síbi tí o ń ṣọ́. O tún ń kọ orin èébú, pẹ̀lú ẹ̀wù yìí lọ́rùn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó ní kó bọ́ ẹ̀wù náà sílẹ̀, kó lọ sinmi fún ìdíje mẹ́ta. Ó bọ́ ọ, ó ká a dáadáa, ó gbé e fún un. Ó wá yíjú sí pápá. Ó dúró, ó ń wo ọmọ rẹ̀ tó ń pariwo mọ́ àwọn tó wà níwájú rẹ̀, tó ń nawọ́, tó ń ta bọ́ọ̀lù sókè. Ọ̀gá Rédíò pè é lẹ́ẹ̀kan. Ó tún pè é. Èmi ni mo fà á jáde.

Ọ̀mì ni wọ́n ta. Òpó-Iná ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀.

Nígbà tí Gbámú wálé, ìbínú ló kọ́kọ́ gbé wọlé. "Ta ló ní kí ẹ kọrin fún mi? Ẹ̀rín ni mò ń rín lọ́wọ́ tó fi gbá a. Ibi tí mo fẹ́ fò sí kọ́ ni mo fò sí. Gìgísẹ̀ mi ni bọ́ọ̀lù lọ bá."

"Ta ló bí gìgísẹ̀ náà?" ìyá rẹ̀ bi í.

Ó jẹun lálẹ́ yẹn, ó jẹ tèmi mọ́ ọn.

Ní báyìí, ìdíje mẹ́ta náà kò tíì pé. Ọmọ mi ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ̀gbẹ́ mi ló ń jókòó. Tí mo bá pè é ní ìjókòó, irọ́ ni mo ń pa. Gbogbo ọdún tó fi kọ ẹ̀yìn sí bọ́ọ̀lù ló fẹ́ gbà padà lọ́jọ́ kan. Ó ń bú rẹfirí. Ó ń bú ẹni tó gbé àsíá lẹ́bàá ìlà. Ó ní kí Télọ̀ dìde kúrò níwájú òun, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn wa ni Télọ̀ wà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó gun orí àga, ẹni tó ń ṣọ́ wa báyìí sì ti gun àtẹ̀gùn bọ̀.

"Ọmọ mi, sọ̀kalẹ̀," mo ní. "Wọ́n ka òfin."

"Màámi, ẹ fi mí sílẹ̀. Ẹ ò rí i pé ó ti di bọ́ọ̀lù mú?"

Mo fi ọwọ́ méjèèjì di aṣọ rẹ̀ mú lẹ́yìn, mo ń fà á wálẹ̀. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan ń fa òun.