Irun Pupa Inú Ihò Balùwẹ̀

Ìyàwó mi, dákẹ́ ariwo ná, jẹ́ kí n rọ́ àlá tí mo lá fún ọ. Mo bá ara mi nínú balùwẹ̀ tí gbogbo ilé jọ ń lò, omi ọṣẹ mù mí dé orúnkún. Mo ki ọwọ́ bọ ihò tí omi ń gbà jáde nílẹ̀, mo ń fa irun pupa tó dí i. O ṣáà mọ òfin ilé wa: ẹni tí irun rẹ̀ bá dí ihò ni yóò máa fọ balùwẹ̀ títí oṣù á fi parí. Àwọn ayálégbé yí mi ká, wọ́n ń búra pé irun àwọn kọ́. Bí mo ṣe wò wọ́n, gbogbo wọn ti fárí kodoro, tọkùnrin tobìnrin. Mo tún fà á, ṣùkú tó gún régé ló jáde, orí ìyá onílé wa sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo yáa dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú omi náà.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Irun ta ni ẹ gbé kà mí lórí yìí?"

Mo búra pé kò ti yàrá wa wá. Mo dì í mú, mo fà á tagbáratagbára kí n lè bọ́ ọ kúrò lórí wọn. Ibẹ̀ ni igbe rẹ ti jí mi. Mo lajú, irun orí rẹ ló wà lọ́wọ́ mi, pupa fòò.