Orúkọ Màmá Fàósátù Lẹ́yìn Ọrùn Ẹ̀wù

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko bí ojú ẹja. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu àgbà lásán nìyẹn, kó lọ bi Tàòfíkàt léèrè, Tàòfíkàt tó ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ òfì ní Kàbà, ẹni tí inú bí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan débi tí kò lè fi òwú sójú abẹ́rẹ́ mọ́.

Ọdún kẹrin rèé tó ti wà lẹ́nu òwò náà. Kì í ṣe òwò wéré-wéré. Màmá Fàósátù, ìyá arúgbó kan ní Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀, ló ń hun aṣọ fún un. Ìyá náà a gbọ̀n òwú, a ran án, a rẹ ẹ́ sínú aró, a wá jókòó ti òfì tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yàrá rẹ̀ bí ilẹ̀kùn, a máa hun ún díẹ̀díẹ̀ títí oṣù yóò fi yọ lókè tí yóò tún wọ̀. Bí aṣọ bá dé Kàbà, Tàòfíkàt a kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sómi lẹ́ẹ̀mejì kó tó fi àlùmágàjí kàn án. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí òwò náà kọ́ ọ nìyẹn, ojú rẹ̀ sì rí màbo kó tó kọ́ ọ: aṣọ òfì tí kò tíì mumi yóò súnkì mọ́ aláṣọ lára. Ẹ̀wù mẹ́rin lóṣù, márùn-ún bí Ọlọ́run bá dá òjò dúró. Lẹ́yìn ọrùn ẹ̀wù kọ̀ọ̀kan ló ń rán lébẹ̀lì kékeré kan mọ́, tí wọ́n kọ ọ́ sí pé: “Fàósátù ará Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ hun aṣọ yìí.”

Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe gbà wọlé. Ẹni tó ń ṣe lébẹ̀lì náà ní òun kì í ṣe èyí tó bá dín ní ọ̀ọ́dúnrún. Tàòfíkàt gbà bẹ́ẹ̀. Kò rántí pé lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ kẹjọ tí ọmọ bá dáyé là ń sọ ọ́ lórúkọ. A kì í ti inú oyún kan ṣoṣo pe ọ̀ọ́dúnrún ọmọ. Ó kó èyí tó kù sínú páálí lábẹ́ tábìlì ìgéṣọ, níbi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni ti lè tó o.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí mo wí yìí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àílà tán ni, ó ń ká ẹní rẹ̀, nígbà tí ọ̀kadà kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù. Màmá Fàósátù ló sọ̀ kalẹ̀. Ọlọ́kadà na ọwọ́ sí i kó dì í mú, ìyá náà gbọn ọ́n dànù. Inú Tàòfíkàt dùn, nítorí láti ọdún mẹ́rin yìí wá, òun ló máa ń lọ bá ìyá. Ìyá ò wá bá a rí. Ó kúnlẹ̀, ó kí i bí àwọn ará Kàbà ṣe ń kíni, ó sì mú oríkì rẹ̀ bọnu bó ṣe máa ń ṣe:

“Okun o, Màmá! Àbẹ̀kẹ́, ọmọ olówùú tó là lóko tí gbogbo ìgbẹ́ funfun, ọmọ aláró tí í rẹ aṣọ tí òjò ò lè fọ̀ dànù…”

“Gbé ẹnu ẹ dúró níbẹ̀,” ni ìyá náà wí. “Ta lò ń kì? Ṣé èmi ni, àbí ẹni tó ṣe èyí?”

Ó fa ṣẹ́ẹ̀tì kan yọ látinú ọ̀rá dúdú, ó sọ ọ́ lu tábìlì. Tàòfíkàt gbé e sókè. Lókèèrè, àwọ̀ Màmá Fàósátù ni, aró àti funfun tẹ̀ léra wọn bí ìlà oko. Ó yí i padà. Inú rẹ̀ ò láró rárá. Aṣọ òfì kì í ní ojú kó ní ẹ̀yìn. Bó ṣe rí lóde náà ló ń rí nínú. Ẹ̀rọ ló tẹ ìlà sórí èyí. Ó wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Orúkọ ìyá wà níbẹ̀ gbọnrangandan.

“Ọkùnrin kan wá bá mi lánàá,” ni Màmá Fàósátù wí. Kò jókòó. “Ó ní Ernest lòun ń jẹ́, Àbújá lòun ti wá. Ó gbé mọ́tò síwájú ilé mi, ó ń kígbe orúkọ mi bí ẹni ń wá ewúrẹ́ tó sọnù. Ó ní òun wọ ṣẹ́ẹ̀tì yìí lọ síbi mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ òun, òógùn bò ó, aró sì ń ṣàn lọ́rùn ẹ̀ níwájú àwọn àna. Mo ní, ‘Ọmọ mi, èmi kọ́ ni mo hun ún.’ Ó ní orúkọ mi ló wà lára ẹ̀. Èmi tí n ò mọ̀wé! Mo fi ọwọ́ pa lẹ́tà náà bí afọ́jú. Ṣé o mọ ohun tó wá sọ, níwájú àwọn ọmọ ọmọ mi? Ó ní, ‘Ìyá, ẹ ti darúgbó báyìí, ẹ ò sì bẹ̀rù Ọlọ́run.’”

Ọ̀rọ̀ náà wọ Tàòfíkàt lákínyẹmí ara. Ìgbà yẹn gan-an ni Inúmidùn ya wọlé.

Ọ̀rẹ́ Tàòfíkàt láti ilé ẹ̀kọ́ girama ni Inúmidùn, òun sì ni alábàáṣe rẹ̀. Òun ló ń ya àwòrán ẹ̀wù, òun ló ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ lórí fóònù, nítorí Tàòfíkàt ò lẹ́nu ọjà. Ó mú ẹ̀pà dání, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Háà, Màmá wa! Ẹ̀yin lẹ wá kí wa lónìí? Ẹ ò sọ, ǹ bá ti gúnyán sílẹ̀, kí ẹ wo bí wúńdíá ṣe…” Ojú rẹ̀ bọ́ sórí tábìlì. Ẹ̀rín náà kú.

“Ìwọ ni,” ni Tàòfíkàt wí.

“Tàò, jẹ́ kí n ṣàlàyé.”

“Ṣàlàyé.”

“Ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ kan ni, l'Ábújá. Ọgbọ̀n ni wọ́n. Wọ́n fẹ́ ẹ̀wù láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Mo sọ fún ẹ, o ní rárá. Rárá, rárá, rárá, bí ẹyẹ tó mọ orin kan ṣoṣo! O ní òjò ń rọ̀, o ní òwú ò gbẹ. Mo bá lọ ra irú ẹ̀ ní Lọ́kọ́ja, mo pín in fún télọ̀ mẹ́ta. Wọ́n dúpẹ́! Wọ́n yàwòrán!”

“Lébẹ̀lì ni mò ń bi ẹ́ léèrè.”

“Ó kúkú wà nílẹ̀. Ọ̀ọ́dúnrún, Tàò! Kí la fẹ́ fi wọ́n ṣe? Ṣé Màmá lè hun ọ̀ọ́dúnrún kí wọ́n tó kú ni?”

Ó fọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹyin ti fọ́.

Màmá Fàósátù rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí kì í dé ojú. “Òótọ́ ló sọ. Òpònú ni, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. N ò lè hun ọ̀ọ́dúnrún.” Ó wá kọjú sí Tàòfíkàt. “Ìwọ tí ò ń kírun, tó o mọ̀ pé n ò lè hun ún, kí ló dé tí o fi kọ orúkọ mi sílẹ̀ lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún? Òun jí i lò. Ìwọ lo kó o síta fún olè.”

“Màmá, ẹ forí jì mí. Ẹ mu omi.”

“N ò mu omi ẹ.”

Àgbà tó kọ omi nílé ọmọ, ohun tó kọ̀ ju omi lọ.

“Fetí sílẹ̀,” ni ìyá náà wí. “Aṣọ kan wà lórí òfì mi nísinsìnyí. O mọ̀ ọ́n. N ò ní gé e sílẹ̀. Gbogbo ọgbọ̀n ẹ̀wù yẹn ni yóò kọ́kọ́ dé iwájú mi, èmi ni n ó sì fọwọ́ ara mi tú orúkọ mi kúrò lára wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí rèé, ó ku mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Bó bá ku ẹyọ kan, kí ikán jẹ aṣọ náà sórí òfì. N ò ní hun òmíràn fún ẹ mọ́ láyé mi.”

Ó jáde. Tàòfíkàt sáré tẹ̀ lé e láti bá a pe ọ̀kadà, ìyá náà gbé ọ̀pá rẹ̀ sáàárín àwọn méjèèjì, ó sì dá pe tirẹ̀.

Nígbà tí Tàòfíkàt padà wọlé, ó fa páálí lébẹ̀lì yọ lábẹ́ tábìlì, ó da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó mú àlùmágàjí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé wọn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ó mú tẹ̀sùbáà rẹ̀, ó fẹ́ bẹ Ọlọ́run kó dárí ji Inúmidùn. Ó wá Ọlọ́run lọ sínú ọkàn rẹ̀, ìbínú ló bá tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

“Ìyá mi ló sọ fún mi,” ló wí, “pé ẹni tó bá ń yára rẹ́rìn-ín yóò yára tà ọ́. Mo ní kí wọ́n má sọ bẹ́ẹ̀ sí ọ̀rẹ́ mi.”

“Ṣé o ti bú mi tán?” Omijé ti wà lójú Inúmidùn, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò rọ̀. “Ta ló ń wá oníbàárà? Ta ló ń dá wọn lóhùn bí wọ́n bá ń pariwo pé ẹ̀wù pẹ́? O ò bá ẹyọ ẹnì kan sọ̀rọ̀ nínú wọn rí! Ìwọ àti Màmá, ẹ jókòó sínú òwú yín bí ẹni ń gbààwẹ̀, èmi ni mo ń jẹ èébú. Mo ṣe é kí ṣọ́ọ̀bù yìí má bàa kú!”

“O ti pa á. Jáde.”

“Mo ń lọ.”

Inúmidùn gbé báàgì kọ́pá. Ó mú fóònù rẹ̀ lórí máṣíìnì. Ó dé ẹnu ọ̀nà.

Ìgbà náà ni ó tó yé Tàòfíkàt. Nínú àwọn mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tó wọ orúkọ Màmá Fàósátù kiri Àbújá, kò mọ ẹyọ kan. Kò mọ ojú wọn, kò mọ ilé wọn. Inú fóònù tó ń jáde lọ yẹn ni gbogbo wọn wà. Ìbínú náà gun orí ọkàn rẹ̀, ó dúró síbẹ̀, kò sì lọ síbì kankan. Ó gbé e mì bí ẹni gbé ewúro mì. Ó fa àpótí ìjókòó jáde lábẹ́ tábìlì, ó fi bébà àti bírò sórí tábìlì náà.

“Inúmidùn, padà wá jókòó,” ló wí. “Kọ orúkọ àwọn mọ́kàndínlọ́gbọ̀n náà fún mi, àti ibi tí wọ́n ń gbé.”