Ère Oníjó Ìkòsí àti Ọmọ Odó Ìyá Mi

Ká tó sọ̀rọ̀ ère, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ọmọ odó. Igi ayín ni. Ìyá mi ló fún mi lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, òun náà sì gbà á lọ́wọ́ ìyá tiẹ̀. Wọ́n fi irin gbígbóná fa ìlà mẹ́ta sí i nídìí, kẹ́nikẹ́ni má baà ṣì í mú níbi ìnáwó. Lọ́jọ́ kejì Iléyá tó kọjá, mo gbé odó síta nílé wa ní Alápẹ̀rẹ̀, iṣu ti jinná, mo nawọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mi ò bá ọmọ odó níbẹ̀.

Màríyámọ̀, ìyá Mutolib, ló wọ yàrá mi kẹ́yìn. Ọdún kẹrìnlá rèé tá a jọ ń gbé àgbàlá kan náà, ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tèmi. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kan náà la jọ ń wọ̀ lọ sí Mile 12 láàárọ̀, èmi ń ta rodo, òun ń ta àlùbọ́sà. Bí ara mi ò bá yá, òun ló ń bá mi tajà. Òun ló ń dirun fún mi. Gbogbo èyí ni mo mọ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n inú ló bí mi, bínú bá sì ti bí mi, ẹnu mi kì í dúró dè mí. Mo bọ́ sáàárín àgbàlá, mo ní ẹni tó bá gbé ọmọ odó ìyá mi, kó tètè gbé e wá, mo sì tẹjú mọ́ ilẹ̀kùn Màríyámọ̀ títí ọ̀rọ̀ náà fi yé gbogbo ilé.

Ó jáde. Ó ní, "Ìyá Hidayat, ṣé èmi lò ń bá wí?"

Mo ní, "Ẹni tó bá ṣe é ló máa dáhùn."

Ó wò mí, ó padà wọlé. Láti ọjọ́ yẹn, a ò kíra wa mọ́.

Sùrájù ọkọ mi ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti inú yàrá. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó máa fi símẹ́ńtì mọ ère sórí géètì, kìnnìún àti ẹyẹ idì. Kí n má purọ́, kìnnìún rẹ̀ jọ ajá. Alhaji kan ní Ifákọ̀ tó ra méjì sọ fún un pé báwọn àlejò bá dé ẹnu géètì òun, wọ́n máa ń bèèrè bóyá àwọn ajá náà ń gé èèyàn jẹ. Sùrájù délé lọ́jọ́ yẹn, kò jẹun.

Ó ti tó oṣù kan ṣáájú Iléyá tí Miss Keziah ti gbé iṣẹ́ kan fún un. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ballet ní Ìkòsí, ijó òyìnbó tí wọ́n fi ń dúró lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀. Hidayat ọmọ mi wà lára wọn. Miss Keziah fẹ́ ère oníjó síwájú ilé ijó rẹ̀. Ó jókòó ní pálọ̀ wa, ó sì fi àwòrán ère kan hàn wá lórí fóònù. Ó ní ayàwòrán Faransé kan láyé àtijọ́, Degas lorúkọ rẹ̀, ló fi ìda mọ ọmọbìnrin oníjó yẹn, tó wọ yẹ̀rì gidi fún un, tó sì fi irun gidi sí i lórí. Nígbà tó gbé e síta, àwọn kan ní ọ̀bọ ló jọ. Kò gbé ère kankan síta mọ́ títí tó fi kú, ṣùgbọ́n kò yéé mọ ọ́n nínú ilé, kódà nígbà tí ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́.

"Ọ̀bọ ni wọ́n pè é?" Sùrájù bi í.

"Ọ̀bọ, Daddy Hidayat."

"Kò sì dáwọ́ dúró?"

"Kò dáwọ́ dúró, sà."

Ọkọ mi mirí. Mo rí i lójú rẹ̀ pé àánú bàbá náà ṣe é ju àánú èmi tí mo bímọ fún un lọ. Miss Keziah wá sọ ọ̀rọ̀ kan sí i, òun ló kó bá wa. Ó ní Degas kì í wá irin gidi sínú ère rẹ̀ kó lè dúró. Ohunkóhun tó bá ṣáà ti rí ló ń kì bọ inú ìda náà, kọ́ọ̀kì ìgò, igi búrọ́ọ̀ṣì àlòkù. Sùrájù ní bàbá náà gbọ́n gan-an.

Ìdúró ère yẹn ló kọ́kọ́ dà á láàmú. Oníjó inú àwòrán na ẹsẹ̀ kan síwájú, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó gbé àgbọ̀n sókè, ó sì di ojú díẹ̀. Sùrájù ní kí Hidayat dúró bẹ́ẹ̀, ọmọ náà ò lè dúró jẹ́ẹ́. Ó ní kí èmi dúró. Mo dúró, ó wò mí títí, ó ní mo dà bí ẹni tó ń retí kẹ̀kẹ́. Mo fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Lẹ́yìn Iléyá ni mo ṣàkíyèsí pé kò bi ẹnikẹ́ni mọ́. Láàárọ̀, á jókòó sẹ́bàá fèrèsé pẹ̀lú bébà àti pẹ́ńsùlù, tó bá sì ti ṣiṣẹ́ tán, á fi tapólì bo ère rẹ̀. Mi ò dá sí i, nítorí èmi náà ní ìṣòro tèmi.

Màríyámọ̀ nìṣòro mi. Ní gbogbo àárọ̀ tá a bá jáde, á na ẹsẹ̀ síwájú, á kó ọwọ́ sẹ́yìn, á gbé àgbọ̀n sókè bíi pé mò ń rùn. Á dúró bẹ́ẹ̀ títí kẹ̀kẹ́ tiẹ̀ á fi dé, èmi náà á wọ tèmi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la fi ṣe é. Ó dùn mí dé egungun. Mi ò rẹ́ni bá tàkúrọ̀sọ lọ́jà. Hidayat gbìyànjú láti dirun fún mi, ìborùn ni mo fi bò ó títí mo fi tú u. Mo fẹ́ ọmọ odó mi, mo fẹ́ Màríyámọ̀ padà, mi ò sì mọ bí mo ṣe máa rí ọ̀kan láìjẹ́ pé mo sọ èkejì nù.

Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé tí wọ́n fẹ́ gbé ère náà lọ, Kelvin awakọ̀ gbé pikọ́ọ̀pù rẹ̀ wá. Òun àti Sùrájù ò lè dá a gbé, ni wọ́n bá pe ará ilé. Màríyámọ̀ jáde, torí òun àti ọkọ mi ò jà. Ó di ìdí ère náà mú, èmi di òkè mú, tapólì ṣì wà lórí rẹ̀. A dà á dùbúlẹ̀ díẹ̀ ká lè tì í wọ inú ọkọ̀, ìdí rẹ̀ sì kọjú sí Màríyámọ̀.

"Ẹ dúró," ló wí. Kò pariwo rárá. "Ẹ gbé e sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá Hidayat, wá wo nǹkan."

Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa pè mí. Mo lọ wò ó. Láàárín símẹ́ńtì, lábẹ́ ẹsẹ̀ oníjó náà gan-an, igi róbótó kan wà níbẹ̀, ìlà mẹ́ta sì wà lára rẹ̀.

Mo yíjú sí Sùrájù. Ó ti ń wo ilẹ̀.

"Àwọn tó ń ta irin ní Owódé ti lọ sílé ọdún," ó ní. "Ẹsẹ̀ kan ló kù kó dúró. Mo ní kí n ṣì fi ọmọ odó tì í."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ?"

"Ìgbà tí mo fẹ́ sọ, o ti ń pariwo. Símẹ́ńtì náà sì ti gan." Ó tún la ẹnu. "Bàbá Degas náà..."

Mo ní kó má dárúkọ bàbá yẹn sí mi létí.

Màríyámọ̀ gbọn símẹ́ńtì dànù lọ́wọ́. Ó ní, "Àárín àgbàlá lo ti pè mí lólè."

Òótọ́ ló sọ. Mo rìn lọ sáàárín àgbàlá, mo kúnlẹ̀, ojú ń tì mí débi pé etí mi ń gbóná. Mo sọ ọ́ sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́: "Màríyámọ̀ ò jí ọmọ odó mi. Ọkọ mi ló gbé e. Èmi ni mo ṣẹ̀, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́."

Màríyámọ̀ na ẹsẹ̀ síwájú, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó gbé àgbọ̀n sókè. Sùrájù àti Kelvin ti gbé ère náà nàró lẹ́yìn rẹ̀, tapólì sì ti bọ́ sílẹ̀. Gbogbo èèyàn wo Màríyámọ̀, wọ́n wo ère, wọ́n tún wo Màríyámọ̀.

Hidayat ló sọ ọ́. "Mummy, Ìyá Mutolib nìyẹn."

Màríyámọ̀ yí padà. Ó rìn yí ère náà ká, ó wo àgbọ̀n rẹ̀, ó wo ọwọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. "Ṣé bí mo ṣe ń ṣe sí ẹ láràárọ̀ rèé?"

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà."

"Ìwà mi mà burú," ló wí, ẹ̀rín sì gbà á lẹ́nu. Ó fà mí dìde. Ẹkún ni èmi ń sun.

Sùrájù ti lọ mú òòlù. Ó ní bí mo bá fẹ́, òun máa fọ́ ẹsẹ̀ náà, òun máa yọ ọmọ odó mi. Mo wo ère náà. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, ohun àkọ́kọ́ nìyí tó mọ tí ẹnikẹ́ni ò pè lájá.

"Ẹ gbé òòlù yẹn sílẹ̀," mo wí.

Ère náà wà ní Ìkòsí báyìí, pẹ̀lú yẹ̀rì Hidayat àtijọ́ nídìí rẹ̀. Miss Keziah ní òun ò rí oníjó tó gbé ara rẹ̀ níyì tó bẹ́ẹ̀ rí. Èmi, ọmọ odó Màríyámọ̀ ni mo ń yá gún iyán. Tí mo bá fẹ́ dá a padà, Màríyámọ̀ á kọ́kọ́ dojú rẹ̀ dé, á yẹ ìdí rẹ̀ wò dáadáa níṣojú gbogbo ilé, kó tó gbà á lọ́wọ́ mi. Iyán tiẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ bù.