Ẹsẹ̀ Tí Kò Tíì Jinná

Okùn tí Ìyàndá ń so mọ́ pákó oparun kò tíì le dáadáa nígbà tí ó gbọ́ ohùn akódà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó dáwọ́ dúró. Ọkùnrin ará Sábẹ tó dùbúlẹ̀ sórí ẹní níwájú rẹ̀ gbọ́ ọ pẹ̀lú. Ó di ojú rẹ̀ pinpin, bí ẹni pé bí òun kò bá ríran, ẹnikẹ́ni kò ní rí òun.

"Ẹ káàárọ̀, ará ilé. Ẹ jíire bí?"

Ọ̀ṣúnwùmí, ọmọ Ìyàndá obìnrin, ni ó dáhùn ní àgbàlá. "A jí, Sàídì. Apá ńkọ́?"

"Apá ń jẹun, ó sì ń mú ènìyàn fún òyìnbó."

Ìyàndá ni ó to apá náà ní ọdún méje sẹ́yìn, kí Sàídì tó wọ iṣẹ́ akódà. Eegun títò ni iṣẹ́ ilé wọn. Láti Ara títí dé Sekona, ẹni tí eegun rẹ̀ bá kán, ilé yìí ni wọ́n ń gbé e wá ní Ẹdẹ. Ọjọ́ kẹsàn-án nìyí tí wọ́n gbé ará Sábẹ dé láti ibùdókọ̀ ojú irin, níbi tí àpò ẹ̀kùrọ́ ti wó lù ú, tí ojúgun rẹ̀ òsì sì ṣẹ́ sí méjì. Ó ti sá kúrò ní ilẹ̀ tí àwọn Faransé ń ṣàkóso, nítorí pé wọ́n ń kó àwọn ọkùnrin ibẹ̀ lọ sójú ogun. Nísinsìnyí òyìnbó ti ìhín ti pàṣẹ pé kí wọ́n wá irú wọn rí, kí wọ́n dá wọn padà.

"Wọ́n ní àlejò kan ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ ní ibùdókọ̀," ni Sàídì wí.

"Kò dé ọ̀dọ̀ wa. Aláìsàn méjì péré ló wà níbí, Ìyá Fàsílátù àti Samuel tó ń la gẹdú. Apá ló kán àwọn méjèèjì. Tí o bá fẹ́, pè wọ́n jáde kí o kà wọ́n."

 Kí Sàídì tó dáhùn ni Ìyàndá gbọ́ ìró igi kékeré lórí ilẹ̀ líle, kó, kó, kó. Adìẹ ni.

Bí wọ́n bá gbé ẹni tí eegun rẹ̀ ṣẹ́ wá, Ìyàndá á mú adìẹ kan, á ṣẹ́ ẹ ní ibi kan náà, á fi oògùn kan náà sí i, á sì fi igi dè é. Ọjọ́ tí adìẹ náà bá rìn láìtiro ni wọ́n ń tú igi lára aláìsàn. Láti òwúrọ̀ ni wọ́n ti gbé ará Sábẹ pamọ́ sí yàrá ẹ̀yìn, pẹ̀lú aṣọ rẹ̀ àti àwo rẹ̀. Kò sí ẹni tó rántí adìẹ. Ó ti pẹ́ tí irú rẹ̀ ti ń tiro kiri ilé débi pé ojú wọn kò rí i mọ́.

Sàídì bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀ṣúnwùmí, ìyẹ́ apá ni bàbá rẹ ṣẹ́ lára adìẹ tèmi. Ta ló ni ẹsẹ̀ òsì nínú ilé yìí?"

"Orí igi ló ti já bọ́."

"Àbí òun náà ń ru ẹ̀kùrọ́ ní ibùdókọ̀?"

Ìyàndá kò gbọ́ èsì ọmọ rẹ̀. Etí rẹ̀ ti lọ sí ibòmíràn. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àwọn akódà méjì kan wá mú ènìyàn, inú yàrá yìí kan náà ni ọkùnrin kan dùbúlẹ̀ sí, itan rẹ̀ ló kán. Ìyàndá wà lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà. Ó kàn yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n wọ́ ọkùnrin náà kọjá níwájú rẹ̀, igi tó dì mọ́ itan rẹ̀ ń ha ilẹ̀, ó sì ń wí pé, "Bàbá, ẹ bá mi mú ẹsẹ̀ mi." Kò dé Sekona tó fi kú. Láti ìgbà náà ni Ìyàndá ti ń gbọ́ igi yẹn lórí ilẹ̀, ní ọ̀sán gangan, láàárín ènìyàn. Ọ̀ṣunfúnkẹ́, ìyàwó rẹ̀, kò bá a wí lọ́jọ́ kan. Ó kàn ń gbé àwo oúnjẹ kan síwájú yàrá òfìfo náà ní gbogbo ọjọ́ ọjà, títí òun náà fi kú.

Ìyàndá dìde. Ó jáde, ó fa ilẹ̀kùn yàrá mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì dúró sí ẹnu ọ̀nà.

Sàídì tẹrí ba. "Ẹ má bínú, Bàbá. Iṣẹ́ ni wọ́n rán mi."

"Ọkùnrin náà wà nínú ilé."

"Bàbá!" ni Ọ̀ṣúnwùmí kígbe.

"Dákẹ́. Ó wà níbẹ̀, Sàídì, eegun rẹ̀ kò sì tíì so pọ̀. O ò ní wọlé."

"Òyìnbó ló rán mi o, Bàbá."

"Ìwé tó fi rán ọ dà?"

"Ẹnu ló fi rán mi."

"Ta ni ààfin ní kó tẹ̀lé ọ wọ ilé onílé?"

Sàídì bojú wẹ̀yìn, bí ẹni pé ẹnì kan lè wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ ò béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó wá nígbà yẹn."

"Mi ò béèrè."

"Tí mo bá fi agbára wọlé ńkọ́?"

"Apá tí mo tò ni wàá fi tì mí."

Akódà wo apá rẹ̀ ọ̀tún. "Ààfin ni mò ń lọ. Tí wọ́n bá ní kí n gbé e, màá gbé e. Ẹ má sọ pé mi ò sọ fún yín."

Nígbà tó lọ tán, Ọ̀ṣúnwùmí ní kí àwọn gbé ará Sábẹ lọ sí oko ní Ara kíákíá. Ìyàndá mi orí. Bí wọ́n bá gbé e báyìí, eegun á yẹ̀, kò sì ní rìn mọ́ láéláé.

"Ẹ jẹ́ kí n máa wọ́ lọ díẹ̀díẹ̀, Bàbá," ni ọkùnrin náà wí nínú yàrá.

"Sùn."

Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Kò jẹun. Oòrùn kò tíì kúrò ní agbede méjì ọ̀run nígbà tí Sàídì padà dé. Òun nìkan ni.

"Kábíyèsí ní kí n fi í sílẹ̀," ló wí. "Wọ́n ní wọn kì í gbé aláìsàn kúrò nílé ẹni tó ń to eegun títí wọn á fi tú igi. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ló wà láti ayé àwọn bàbá wọn, àti pé àwọn fúnra wọn á sọ fún òyìnbó. Tó bá ti ń rìn, a óò mọ ohun tí a máa ṣe."

Ọ̀ṣúnwùmí kúnlẹ̀, ó pàtẹ́wọ́, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀ṣun.

"Ó yà wọ́n lẹ́nu pé ẹ ò mọ̀, Bàbá. Wọ́n ní ká ní ẹ ti wá sọ fún àwọn nígbà ti ẹni àkọ́kọ́ ni, ohun kan náà ni àwọn ì bá wí."

Ìyàndá kò dìde. Ó ti fi ọdún mẹ́ta sọ fún ara rẹ̀ pé kò sí ohun tí òun lè ṣe lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ yẹn ló fi ń sùn. Òun ló fi sin Ọ̀ṣunfúnkẹ́.

Ará Sábẹ pè é láti inú yàrá, ó bi í bóyá akódà ti lọ. Ìyàndá ń wo ọ̀nà tó lọ sí ààfin. Kò jìn. Ènìyàn lè lọ kó sì bọ̀ kí omi tó hó lórí iná.